CHARLES HENRY TURNER: TÍṢÀ TÍ Ó MỌ ÌWÀ ÈÈRÀ

Inú ike ṣúgà ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ọ̀tá mẹ́ta ni gààrí àti ṣúgà ní: ebi òru, ọ̀rẹ́ tí kì í ra tirẹ̀, àti èèrà. Ní sáà tí ó kọjá, mo ṣí ike ṣúgà mi, mo sì bá èèrà nínú rẹ̀ lọ súà. Inú bí mi, mo gbé omi kaná. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀lé ọ̀wọ́ wọn dé ihò tí wọ́n ti ń jáde lábẹ́ fèrèsé, mo dúró, mo ń wò wọ́n. Àwọn kan ń gbé ṣúgà lọ sílé, àwọn kan ń lọ lọ́wọ́ òfo láti wá gbé tiwọn, àwọn kan sì dúró sẹ́nu ihò bí ọlọ́dẹ. Mo fi ewé gbé ọ̀kan, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá. Ó yí po, ó yí po, nígbà tí ó yá ó bọ́ sọ́nà ilé. Mo wá bi ara mi pé ta ní ń pín iṣẹ́ fún àwọn wọ̀nyí? Báwo sì ni èyí tí ó jìnnà sílé ṣe ń mọ ọ̀nà ilé?

Ìbéèrè kejì yìí ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ Amẹ́ríkà, fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní ọdún 1907. Charles Henry Turner ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ ni pé, lẹ́yìn gbogbo oyè yẹn, ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó ti ṣiṣẹ́ títí àìsàn fi dá a dúró. Tíṣà ni, irú èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa náà ń kọ́ níhìn-ín, tí ojú sì ń ti àwọn kan láti jẹ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá délé.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi díẹ̀. Òkè Ọya ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Tururuwa ni àwọn ọmọ àdúgbò wa ń pe èèrà, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń pè é. Ìgbà tí ìyá mi àgbà wá lo ọdún kan lọ́dọ̀ wa ni ó tó kọ́ mi pé èèrà yàtọ̀ sí ìjàlọ, ìjàlọ yàtọ̀ sí tanpẹ́pẹ́, ikán kò sì bá ìkankan nínú wọn tan. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo rí i pé òótọ́ ni màmá sọ: aáyán ni ẹbí ikán, kì í ṣe èèrà. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo nǹkan, bí kò tilẹ̀ mọ ìwé, onímọ̀ ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Turner, ṣùgbọ́n òun tún mọ ìwé.

ÌBÍ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1867 ni wọ́n bí Turner ní ìlú Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Kò tíì ju nǹkan bí ọdún méjì lọ nígbà náà tí òfin fi òpin sí ẹrú níní ní Amẹ́ríkà. Thomas ni orúkọ bàbá rẹ̀, ọmọ Kánádà ni, ilé ìjọsìn kan ni ó ń bá wọn tọ́jú. Ìpínlẹ̀ Kentucky ni ìyá rẹ̀, Addie, ti wá, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó sì ń ṣe. Wọn kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n bàbá náà fẹ́ràn ìwé, ó sì kó ìwé jọ sínú ilé. Nígbà tí ọmọ wọn parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Gaines High School, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, òun ni ó ṣe ipò kìíní.

Ní ọdún 1886 ó wọ Yunifásítì Cincinnati. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1891, ó sì gba oyè kejì ní 1892. Clarence Herrick, ẹni tí ó dá ìwé ìròyìn ìjìnlẹ̀ kan sílẹ̀ nípa ọpọlọ ẹranko, ni ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀. Turner kọ́kọ́ ṣe ìwádìí lórí ọpọlọ ẹyẹ. Lẹ́yìn èyí ni ó yí ojú sí alántakùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí wọ́n bá ti dá alántakùn ni ó ń ta òwú, kò ní ọgbọ́n kan tí ó ń lò sí i. Turner rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀: alántakùn máa ń yí títa òwú rẹ̀ padà kí ó lè bá ibi tí ó wà mu. Láti ìgbà yẹn ni ó ti di ìgbàgbọ́ rẹ̀ pé kòkòrò kì í ṣe ẹ̀rọ lásán.

Ní ọdún 1893 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Clark University ní Atlanta, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ibẹ̀ ni ó wà títí di 1905. Kò rọrùn fún un. Gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà ni òfin ti ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun, nínú ọkọ̀, nínú ilé ẹ̀kọ́, níbi gbogbo. Ní 1895, ikú mú Leontine, aya rẹ̀, lọ, ó sì fi àwọn ọmọ kékeré sílẹ̀ fún un. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí ni ó sọ ní Darwin Romanes, ó pa orúkọ àwọn onímọ̀ méjì pọ̀, Charles Darwin àti George Romanes. Ẹ ò rí i pé ilé la ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìmọ̀ ni ilé tirẹ̀.

Nígbà tí ó kúrò ní Atlanta, ó ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ó sì kọ́ni ní ìlú Augusta ní Georgia. Láàárín gbogbo ìṣípòpadà yìí ni ó ń ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Ní 1907, Yunifásítì Chicago fún un ní oyè náà pẹ̀lú ìyìn ńlá. Bí èèrà ṣe ń padà sílé ni àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ dá lé.

BÍ Ó ṢE BI ÈÈRÀ LÉÈRÈ Ọ̀RỌ̀

Àríyànjiyàn ńlá wà nílẹ̀ nígbà náà. Ní 1898, ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Albrecht Bethe ti kọ ọ́ pé èèrà kò mọ nǹkan kan, kò sì lè kọ́ nǹkan kan. Òórùn ló ń fà á lọ, fífà ló ń fà á bọ̀, bí ìgbà tí òòfà bá ń fa irin. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń sọ èèrà di ènìyàn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń jókòó ronú ọ̀la. Turner kò bá ẹgbẹ́ kankan lọ. Ó ní kí àwọn èèrà fúnra wọn wá jẹ́rìí.

Ó kọ́ ilé fún àwọn èèrà. Ó wá fi páálí ṣe pèpéle kan, ó sì fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe afárá tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle náà sí ilé wọn. Lẹ́yìn èyí, ó kó èèrà díẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn tí wọn kò tíì dàgbà sórí pèpéle. Èèrà kì í fi ọmọ sílẹ̀ síta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ wọ́n ń rìn gbéregbère, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ afárá, wọ́n sì ń gbé àwọn ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà yìí ni Turner wá dán wọn wò. Ó yọ afárá tí wọ́n ti ń rìn, èyí tí òórùn ẹsẹ̀ wọn ti wà lára rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì pèpéle. Ó sì fi afárá tuntun tí èèrà kankan kò rìn rí sí ojú ibi tí ti àkọ́kọ́ wà. Bí ó bá jẹ́ òórùn nìkan ló ń fà wọ́n, afárá àtijọ́ ni wọn ì bá wá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n tọ afárá tuntun lọ sílé. Ó tún yí ibi tí iná ti ń tàn padà, ó sì rí i pé èyí lè dà wọ́n rú, nítorí pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń mọ ọ̀nà.

Ohun tí ó fà yọ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni èèrà ń gbára lé. Ó ń lo ìmọ́lẹ̀, ó ń lo òórùn, ó ń lo ohun tí ara rẹ̀ fọwọ́ kàn, ó sì ń rántí. Èèrà tí ó lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá mọ ọ̀nà ju èyí tí ó lọ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ìyẹn ni pé ó kẹ́kọ̀ọ́. Turner tún ṣàkíyèsí pé èèrà tí ń bọ̀ wálé máa ń yí po bí ó bá ti sún mọ́ ihò rẹ̀, bí ẹni tí ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Victor Cornetz, onímọ̀ ọmọ Faransé, fi orúkọ Turner pe yíyí yìí. Mo rántí èèrà tí mo fi ewé gbé nínú yàrá mi. Ohun tí mo rí láìmọ̀, ẹnìkan ti rí i ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú mi.

TA NÍ Ń PÍN IṢẸ́ FÚN ÈÈRÀ?

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi àwọn ọmọ tí èèrà Turner ń sáré gbé. Kì í ṣe àwọn tí ń gbé wọn ló bí wọn. Ìyá èèrà ni ó ń yé ẹyin nínú ihò, ẹyin yíyé sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí a ń rí lójú ọ̀nà, obìnrin ni gbogbo wọn, ọmọ ìyá èèrà ni wọ́n. Nítorí náà àbúrò ni wọ́n ń gbé. Ní ti àwọn akọ, gígun abo ni iṣẹ́ tiwọn. Kì í pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ń kú.

Nínú ọ̀pọ̀ irú èèrà, ọjọ́ orí ló ń pín iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wà nínú ilé, wọ́n ń la ẹyin, wọ́n ń bọ́ ọmọ, wọ́n ń tọ́jú ìyá. Bí wọ́n ti ń dàgbà ni wọ́n ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń gbẹ́ ihò, wọ́n ń kó ìdọ̀tí síta. Àwọn àgbà ni wọ́n ń jáde lọ wá oúnjẹ, nítorí pé ìta ni ewu wà. Ẹ ò rí i pé ó yàtọ̀ sí tiwa: lọ́dọ̀ èèrà, àgbà ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Nínú àwọn irú mìíràn, ìdàgbàsókè ara ló ń pín in. Ẹ wo ìjàlọ nígbà tí wọ́n bá ń kọjá lọ́nà oko: àwọn kékeré ń gbé ẹrù láàárín, àwọn olórí ńlá tí ẹnu wọn dà bí ẹ̀mú sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí wọ́n ń ṣọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni òṣìṣẹ́ ìjàlọ kò lójú rárá. Ẹ sì wo àwọn èèrà pupa orí igi máńgòrò tí ń so ewé pọ̀ ṣe ilé. Àwọn kan á fa ewé méjì pọ̀, àwọn mìíràn á gbé ìdin, ìyẹn ọmọ wọn, mọ́ ẹnu, wọ́n á sì máa fi òwú tí ń jáde lẹ́nu ìdin náà lẹ ewé pọ̀. Ọmọ tí kò tíì lẹ́sẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé kò sí ẹni tí ń pàṣẹ. A ń pe ìyá èèrà ní ayaba, ṣùgbọ́n kì í rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti ń wo èèrà ní aṣálẹ̀ Arizona láti ọdún pípẹ́ rí i pé àwọn tí ń dúró nínú ihò máa ń fi ìwo orí kan àwọn tí ń ti oko bọ̀. Bí àwọn tí ń gbé oúnjẹ bọ̀ bá ń wọlé lemọ́lemọ́, àwọn tí ń dúró á jáde. Bí wọn kò bá wọlé, wọ́n á jókòó. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ sí i tàbí tí ẹni tí ń ṣe é bá kú, ẹlòmíràn á bọ́ sí i. Wọ́n tilẹ̀ ti rí i nínú irú àwọn kan pé ọ̀pọ̀ a máa wà láìṣe nǹkan kan, tí àwọn kan nínú wọn yóò sì dìde nígbà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bá dín kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn nígbà tí a bá ń gbá yàrá, ẹ má fi èyí ṣe àwíjàre o!

Lára òye yìí ni iṣẹ́ Turner ti wúlò. Bí kò bá sí ọ̀gá, a jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè wo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó sì mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Turner wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìdánwò gidi hàn pé èèrà kan ṣoṣo ní irú òye bẹ́ẹ̀.

TÍṢÀ NÍ SUMNER

Ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí, a ó rò pé àwọn yunifásítì ńlá yóò máa du ú. Wọn kò du ú. Ó wá iṣẹ́, kò rí irú èyí tí ó tọ́ sí i, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin ní Amẹ́ríkà ìgbà náà. Ní 1908 ó lọ sí Sumner High School ní ìlú St. Louis, ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1875. Ibẹ̀ ni ó wà títí di 1922. Kò ní yàrá ìwádìí bí ti yunifásítì, kò ní akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí yóò ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tíṣà kò sì fún un láyè púpọ̀.

Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ ibi gbogbo di yàrá ìwádìí. Ó lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ O'Fallon ní St. Louis, ó sì fi oyin kọ́ àwọn kòkòrò oyin títí wọ́n fi ń wá bá ohun aláwọ̀ tí ó gbé oúnjẹ sí, tí wọ́n sì ń fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1910. Ọdún 1914 ni Karl von Frisch, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973, tó tẹ iṣẹ́ ńlá tirẹ̀ lórí àwọ̀ àti oyin jáde. Turner tún gbé jáàmù síta láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, àwọn oyin sì ń wá ní àkókò wọ̀nyí. Nígbà tí ó wá ń gbé e síta láàárọ̀ nìkan, kò pẹ́ tí wọ́n fi dẹ́kun wíwá lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n mọ àkókò. Ní 1912 ó fi aáyán, tí a mọ̀ pé òkùnkùn ló fẹ́ràn, sínú àpótí tí iná mànàmáná ń ta á díẹ̀ bí ó bá ti wọ ibi òkùnkùn. Aáyán náà kọ́ láti yẹra fún òkùnkùn. Ní gbogbo ayé rẹ̀, ìwé ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde lé ní 70.

Kì í ṣe ti kòkòrò nìkan ni ó ń rò. Ní 1902 ó kọ àròkọ kan lórí bóyá ẹ̀kọ́ lè yanjú ìjà ẹ̀yà ní Amẹ́ríkà. Ó fi ìmọ̀ ìwà ẹranko yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó fi hàn pé lára ìkórìíra, apá kan jẹ́ ìfura ẹ̀dá sí ohun tí kò mọ̀, apá kejì sì jẹ́ ohun tí ọmọ ń wò kọ́ lára àwọn àgbà. Ẹ̀kọ́, fún dúdú àti funfun, ni ó kà sí oògùn rẹ̀. Ọkùnrin tí ó ti rí i pé aáyán lè kọ́ ìwà tuntun, kò yà mí lẹ́nu pé kò sọ ìrètí nù lórí ọmọ ènìyàn.

Ní 1922 àìsàn mú kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó lọ sí Chicago lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ Darwin, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1923, ní ẹni ọdún 56. Ní 1925, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ẹ̀kọ́ kan ní St. Louis fún àwọn ọmọ tí ara wọn kò dá ṣáṣá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìwà ẹranko ní Amẹ́ríkà náà fi orúkọ rẹ̀ pe ètò kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò tíì gboyè àkọ́kọ́, irú èmi àti ẹ̀yin.

Ẹ̀YIN TÍṢÀ Ọ̀LA

Ẹ̀yin ará, wọ́n máa ń sọ pé ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Èmi kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ìtàn Turner jẹ́ kí n mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà kì í ṣe ibi tí ìmọ̀ ń lọ kú sí. Mi ò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe fún un dára. Kò dára. Ta ni ó lè sọ iye ohun tí ayé pàdánù nítorí pé wọn kò fún un ní yàrá ìwádìí kan? Ṣùgbọ́n òun kò fi ẹjọ́ tí ó ní dá iṣẹ́ dúró. Páálí, jáàmù, kòkòrò àti sùúrù ni ó ní. Ó fi wọ́n ṣe ohun tí àwọn tó ní jù ú lọ kò ṣe.

Bí wọ́n bá gbé yín lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé tí kò ní ohun èlò sáyẹ́ǹsì, ẹ kó àwọn ọmọ jáde lọ síbi ihò èèrà. Ẹ ní kí wọ́n wò ó fún wákàtí kan, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ẹ kọ́ wọn ní orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, bí ìyá mi àgbà ti kọ́ mi. Ẹ kò mọ èyí tí yóò di Turner nínú wọn.

Ní ti èmi, mo da omi gbígbóná náà nù lọ́jọ́ yẹn. Mo ra ike ṣúgà tí ó ní ìdérí gidi. Ire o.